Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Tún RNA Kéékèèké Ṣe Kó Lè Pa Jíìnì Lẹ́nu Mọ́

7.1 Àìsàn kan tó kàn wá

Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní transthyretin, TTR ní ìgékúrú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ru fítámì A àti họ́mọ́ọ̀nù táíróìdì kiri inú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ mẹ́rin ló ń so pọ̀ kí TTR kan tó pé. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tú ká, wọ́n lè ṣẹ́ po lódìlódì, kí wọ́n di fọ́nrán tín-ín-rín tí ara kò lè yọ́. Àwọn fọ́nrán wọ̀nyí a máa gbára jọ sára iṣan ìmọ̀lára tàbí sínú ẹran ọkàn. Ọkàn tí wọ́n bá kún inú rẹ̀ yóò le, kò sì ní lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú dáadáa mọ́. Àìsàn náà ń jẹ́ amyloidosis.

Ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì TTR lè mú kí ẹyọ mẹ́rin yìí má lè so pọ̀ pẹ́. G di A, amino acid tó wà ní ipò 122 sì yí láti valine sí isoleucine. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní V122I. Ní 1997, Daniel Jacobson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn rẹ̀ nínú New England Journal of Medicine gẹ́gẹ́ bí orísun àìsàn ọkàn tó ń bá àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà jà. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, nǹkan bíi 3 sí 4 ló gbé e. Nígbà tí wọ́n wá a wá sí Áfíríkà, Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ti bá a jù, níbi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn lẹ́rú. Ní London, níbi tí ibùdó ìtọ́jú amyloidosis ti orílẹ̀-èdè náà wà ní ilé ìwòsàn Royal Free, V122I wà lára irú TTR àjogúnbá tí wọ́n ń rí jù lọ.

Boni, ọ̀kan lára àwọn agbègbè tó para pọ̀ di Savè (Ṣábẹ̀) ní orílẹ̀-èdè Benin, wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ tí lẹ́tà yìí ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹni 70 ọdún bá ń mí gúlegúle níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀sùn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjèèjì ẹni náà bá ti ń rinrin ní ọdún mélòó kan ṣáájú kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó yẹ kí dókítà ronú kan TTR pẹ̀lú.

Àìsàn yìí la ó fi ṣe òpó orí yìí, nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi RNA kéékèèké tọ́jú tí ìjọba sì fọwọ́ sí. Kí á mú un dání bí a ṣe ń lọ: lẹ́tà tí RNA náà ní kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòroó kọ. Kẹ́mísìrì tí a fi wọ̀ ọ́ ló sọ ọ́ di oògùn.

7.2 Ọ̀nà tí ara fúnra rẹ̀ ń gbà pa jíìnì lẹ́nu mọ́

Ẹ rántí láti orí kẹta pé jíìnì kì í ṣe purotéènì fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì a máa da jíìnì kọ sórí RNA ìránṣẹ́, ráíbósómù a sì ka RNA ìránṣẹ́ náà láti fi ṣe purotéènì. Bí ìránṣẹ́ bá kú sójú ọ̀nà, purotéènì kò ní sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíìnì ṣì wà ní ipò rẹ̀ láìyí.

Ní 1998, Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn pé bí wọ́n bá fún aràn kékeré kan tó ń jẹ́ C. elegans ní RNA olókùn méjì tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti jíìnì kan mu, jíìnì náà á dákẹ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2006. Aràn nìyẹn. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, RNA olókùn méjì tó gùn a máa jí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara sílẹ̀, nítorí wọ́n á rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọlé. Thomas Tuschl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Göttingen, Jámánì, ló ṣí ọ̀nà ní 2001: bí RNA náà bá kúrú tó lẹ́tà 21, ẹ̀ṣọ́ kò ní pariwo, jíìnì á sì dákẹ́. RNA kúkúrú yìí ni à ń pè ní siRNA.

Okùn méjì ló ní. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àgbájọ purotéènì kan tó ń jẹ́ RISC á gbà á, á ju okùn kan nù, á sì di èkejì mú. Èyí tó jù nù la ó máa pè ní okùn alábàárìn, èyí tó dì mú sì ni okùn atọ́nà. Láàárín RISC ni purotéènì Argonaute 2 wà. Òun ló ń fi okùn atọ́nà wá ìránṣẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ bá a mu, òun náà ló sì ní abẹ tó fi ń gé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi lẹ́tà ṣe é. Ẹ wo abala RNA ìránṣẹ́ yìí, tí mo kàn hun fún àpẹẹrẹ:

Ìránṣẹ́: 5′ GCA UGA CCU AAG UCU GAU GAA 3′

Okùn atọ́nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí i ní òdì, kí A pàdé U, kí G pàdé C:

Atọ́nà: 5′ UUC AUC AGA CUU AGG UCA UGC 3′

Ẹ ka okùn atọ́nà láti 5′ rẹ̀. Lẹ́tà 2 títí dé 8, UCAUCAG, ni à ń pè ní irúgbìn. Apá yìí ni Argonaute fi ń kọ́kọ́ tọ́ ìránṣẹ́ wò. Ibi tí abẹ máa ń gbà kọjá ni ọ̀gangan àárín lẹ́tà 10 àti 11 ti okùn atọ́nà. Ẹ fi ìka kà á: nínú àpẹẹrẹ wa, ìránṣẹ́ yóò gé sí méjì láàárín A àti G tó wà nínú AAG. Lẹ́yìn náà okùn atọ́nà kan náà á wá ìránṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹyọ kan lè pa ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìyẹn ni ìwọ̀nba oògùn fi ń tó.

7.3 RNA tí a kò wọ aṣọ fún

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàwé dé ibí yìí lè béèrè pé kí ló wá kù. Kọ okùn atọ́nà tó bá TTR mu, fà á sínú abẹ́rẹ́, ó parí. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá ronú bẹ́ẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìdí ni pé RNA lásán kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù RNase fi ń jẹ ẹ́ tán. Èyí tí ẹ́ńsáìmù kò bá rí jẹ, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, nítorí pé ó kéré. Èyí tó bá yè bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ara rẹ̀ kún fún agbára iná òdì tí awọ sẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ gbà wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ara pẹ̀lú ń ṣọ́nà: TLR7 àti TLR8 wà lára àwọn purotéènì tó ń tọ́ RNA àjèjì wò, pàápàá èyí tí U pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọn á sì dá ibà sílẹ̀.

Ibi tí àìlera RNA ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ṣúgà rẹ̀. Ríbósì ní ọ́síjìn àti háídírójìn kan lórí kábọ́ọ̀nù kejì, 2′-OH. DNA kò ní in, ìdí rẹ̀ nìyí tí DNA fi lè wà nínú egungun fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. 2′-OH yìí jókòó ti fọ́sífétì tó so lẹ́tà kan mọ́ èkejì. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti tì í díẹ̀, á kọlu fọ́sífétì náà, okùn á já. A lè sọ pé RNA gbé abẹ tí yóò fi gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

7.4 Àtúnṣe sí ṣúgà àti sí ẹ̀yìn okùn

Nígbà náà, ẹ mú abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń lò jù. Èkíní ni 2′-O-mẹ́táìlì: a fi kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn mẹ́ta dí ọ́síjìn náà lẹ́nu. Èkejì ni 2′-fulorínì: a yọ OH kúrò pátápátá, a fi átọ̀mù fulorínì kan rọ́pò rẹ̀. Mẹ́táìlì tóbi díẹ̀, ó ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí TLR7 àti TLR8 wo RNA náà bí ọmọ ilé. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn U ti tó láti pa ibà náà. Fulorínì kéré ju mẹ́táìlì lọ, bí ó sì ṣe ń tẹ ṣúgà sún mọ́ ti RNA gidi, nítorí náà Argonaute kì í kọ̀ ọ́.

Kí ló dé tí a kò kàn fi mẹ́táìlì bo gbogbo rẹ̀? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbodo ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ ti mọ ìdáhùn. Iṣu tútù tí a bó kalẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí a bọ̀ tí a sá gbẹ lè pé ọdún, yóò sì di àmàlà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ̀ ọ́ jù, ó ti di nǹkan mìíràn, kò ní ṣeé gún ní èlùbọ́ mọ́. Okùn atọ́nà tí a fi mẹ́táìlì bò tán kò ní bàjẹ́, Argonaute kò sì ní lè fi ṣiṣẹ́. Ipò 2 àti ipò 14 ló le jù: inú Argonaute há níbẹ̀, mẹ́táìlì kì í fẹ́ gba ibẹ̀, fulorínì ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ń pààrọ̀ mẹ́táìlì àti fulorínì ní ipò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wọn èyí tó pẹ́ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tí ìránṣẹ́ sì tún kú jù. Ìmọ̀ tó wà nínú àwọn àwòrán ipò wọ̀nyẹn níye lórí ju lẹ́tà jíìnì tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yìn okùn náà ní àtúnṣe tirẹ̀. Fọ́sífétì ní ọ́síjìn méjì tí kò so mọ́ ṣúgà kankan. Bí a bá yọ ọ̀kan, tí a fi imí ọjọ́ rọ́pò rẹ̀, ó di phosphorothioate. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ okùn láti ìpẹ̀kun kì í rí i jẹ dáadáa, nítorí náà ìpẹ̀kun ni wọ́n ń fi sí, méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì tí kò kàn án, ara aláìsàn kò sì ní fẹ́ ìyẹn.

Ìyọnu mìíràn wà tí kò kan ẹ́ńsáìmù. Lẹ́tà méje tó wà nínú irúgbìn kò pọ̀. Ó rọrùn kí ìránṣẹ́ jíìnì mìíràn ní lẹ́tà tó bá UCAUCAG mu, kí ó sì jìyà ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, bí ẹ̀dọ̀ eku bá bàjẹ́ nínú àyẹ̀wò, kẹ́míkà ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ Alnylam fi hàn nínú Nature Communications pé irúgbìn tó ń kan ìránṣẹ́ àìmọ̀ ni olórí ẹlẹ́bi. Wọ́n mú ṣúgà lẹ́tà kan nínú irúgbìn, wọ́n fi glycol, tó kéré tó sì rọ̀ ju ríbósì lọ, rọ́pò rẹ̀. Ìdè irúgbìn dẹ̀ díẹ̀: ìránṣẹ́ tó bá okùn atọ́nà mu látòkè délẹ̀ ṣì ń kú, èyí tó bá irúgbìn nìkan mu ń yè. Ní tèmi, kò sí àtúnṣe tó gbọ́n tó èyí nínú gbogbo orí yìí.

7.5 Bí yóò ṣe mọ ilé tó ń lọ

Oògùn siRNA àkọ́kọ́ tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ni patisiran, ní oṣù kẹjọ 2018, fún àrùn TTR tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ìwọ̀nba ni àtúnṣe tó wà lára RNA rẹ̀. Inú ẹ̀kán ọ̀rá kékeré ni wọ́n fi pa mọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e dé ẹ̀dọ̀ bí ó ti ń gbé ọ̀rá oúnjẹ. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó nira fún aláìsàn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa á sí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí kan ó lé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un ní oògùn mìíràn kí ara rẹ̀ má baà ta ko ọ̀rá náà.

Ọ̀nà kejì fi ẹ̀kán ọ̀rá sílẹ̀ pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kan lára, ASGPR, tí wọ́n fi ń kó àwọn purotéènì tó ti gbó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ASGPR ń wá ni ṣúgà tó ń jẹ́ GalNAc. Nítorí náà wọ́n so GalNAc mẹ́ta mọ́ ìpẹ̀kun okùn alábàárìn. Abẹ́rẹ́ lásán lábẹ́ awọ ti tó. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò fà á wọlé.

Bó bá ti wọlé, inú àpò kékeré tó ní ásíìdì ló máa há sí. Díẹ̀ péré, tí kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń jò jáde lọ bá RISC. Ibí yìí ni àtúnṣe kẹ́míkà ti fi ara rẹ̀ hàn jù. RNA tí àtúnṣe rẹ̀ kò tó yóò kú sínú àpò náà. Èyí tí a tún ṣe dáadáa yóò wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, yóò máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, jíìnì á sì máa dákẹ́ láìsí abẹ́rẹ́ tuntun.

Ẹ fi oògùn méjì wé ara wọn. Revusiran àti vutrisiran, TTR kan náà ni wọ́n dojú kọ, GalNAc kan náà ló ń gbé wọn, ilé-iṣẹ́ kan náà, Alnylam, ló ṣe wọ́n. Revusiran ní àwòrán àtúnṣe ti àtijọ́, 500 mílígíráàmù ni wọ́n ń fún aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní oṣù kẹwàá 2016 nítorí pé ikú pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbà á ju àwọn tó ń gba omi lásán lọ. Vutrisiran ní àwòrán tuntun, phosphorothioate púpọ̀ sí i ní ìpẹ̀kun: 25 mílígíráàmù ni, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. FDA fọwọ́ sí i ní 2022 fún iṣan ìmọ̀lára, ó sì fọwọ́ sí i fún ọkàn ní oṣù kẹta 2025, lẹ́yìn àyẹ̀wò HELIOS-B tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 655. Ikú àti àìsàn ọkàn tó ń padà wá dín ní ìdá 28 nínú 100. Àwọn tó ń gbà á ní láti máa lo fítámì A, nítorí pé TTR tí a pa lẹ́nu mọ́ ló ń rù ú tẹ́lẹ̀.

Oògùn kẹta yẹ fún ìtàn tirẹ̀. Ní Dallas, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen rí i ní 2005 pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan wà tí jíìnì PCSK9 wọn ti bàjẹ́ láti ìbí, tí kolẹ́sítírọ́ọ̀lù búburú sì kéré lára wọn. Ní 2006 wọ́n ròyìn pé bíi 2.6 nínú 100 aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wò ló gbé irú rẹ̀, ewu àìsàn iṣan ọkàn sì dín lára wọn ní ìdá 88 nínú 100. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Bí àdánidá bá ti pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́ láìsí ewu, a lè fi siRNA ṣe é fún ẹlòmíràn. Oògùn inclisiran jáde láti inú èrò yẹn: abẹ́rẹ́ méjì lọ́dún lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. NHS, ètò ìlera ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fún àwọn ènìyàn ní oògùn náà láti 2021. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sókè òkun ló fi ọ̀nà oògùn náà hàn. Oògùn náà kò tíì mọ ọ̀nà ilé.

7.6 Ooru, owó, àti àwọn àrùn tó kù

Ní oṣù kẹta, ooru Savè a máa kọjá 35°C, iná mànàmáná sì lè lọ nígbàkigbà. Patisiran fẹ́ fíríìjì, 2 sí 8°C. Vutrisiran lè wà níbikíbi láàárín 2 àti 30°C, fíríìjì kò pọn dandan. Yàrá tó tutù díẹ̀ ní ilé oògùn ti tó. Owó ni kò tíì tutù: nígbà tí patisiran jáde, 450,000 dọ́là lọ́dún ni wọ́n dá lé e, ìyẹn nǹkan bíi 250 mílíọ̀nù sẹ́fà fún aláìsàn kan.

Àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítì B ń fà wọ́pọ̀ ní Benin àti Nàìjíríà ju amyloidosis lọ fíìfíì, ẹ̀dọ̀ sì ni GalNAc ń lọ. Fáírọ́ọ̀sì náà tún rọrùn láti dojú kọ: àwọn RNA rẹ̀ jọ ní ìpẹ̀kun 3′ kan náà, okùn atọ́nà kan lè gé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní 2017, ìwádìí lórí oògùn ARC-520 fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, DNA fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú DNA ènìyàn, ó sì ti pàdánù apá tí okùn atọ́nà ń wá. Ìránṣẹ́ tí kò ní àmì náà ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń fi siRNA méjì tó dojú kọ apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú abẹ́rẹ́ kan, kí ọ̀kan lè rí ohun tí èkejì kò rí. Títí di ìsinsìnyí, siRNA nìkan kì í wo hẹpatáítì B sàn. Wọ́n ń pa á pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Mùdùnmúdùn inú egungun ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí GalNAc fún ibẹ̀. Àwọn dókítà ní Boston gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn jáde, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti tù lóró gbé ìtọ́sọ́nà RNA kúkúrú sínú rẹ̀ láti pa jíìnì BCL11A lẹ́nu mọ́, kí hẹmoglóbìn ìgbà ọmọ inú lè padà wá. Ní 2021 wọ́n ròyìn aláìsàn mẹ́fà. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe RNA náà, nítorí náà kò sí àtúnṣe kẹ́míkà kankan níbẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ fún orí kẹsàn-án.

Ìdánrawò

Ẹ kọ okùn atọ́nà fún ìránṣẹ́ yìí: 5′ CCA GUU ACG AUC CUG AAU CUA 3′. Ẹ fa ìlà sí ìdí irúgbìn rẹ̀, kí ẹ sì fi hàn ibi tí Argonaute 2 yóò ti gé ìránṣẹ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi 2′-O-mẹ́táìlì sí gbogbo lẹ́tà okùn atọ́nà rẹ̀. Oògùn náà pé oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀dọ̀ eku, ṣùgbọ́n TTR kò dín. Ẹ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì dábàá àtúnṣe ní ipò méjì.

Dókítà kan ní Savè ní aláìsàn méjì: ọ̀kan ní V122I, èkejì ní hẹpatáítì B. Èwo nínú wọn ni siRNA oní-GalNAc kan ṣoṣo lè ràn lọ́wọ́ jù lónìí, kí sì nìdí? Ẹ má dárúkọ owó nínú ìdáhùn yín. Kẹ́mísìrì nìkan la béèrè.